“Mo ti kọ́lé sí Mowe”: kí ni onítọ̀hún ní lọ́wọ́ gan-an?

Láago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ajé, ibùdókọ̀ Mowe ti kún. Àwọn tó ń lọ sí Berger, Ọjọ́ta àti Òṣòdì ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, báàgì lọ́wọ́, oorun lójú. Ẹ bi mẹ́rin nínú wọn pé ta ló ni ilé tí wọ́n ti jáde láàárọ̀ yẹn. Ọ̀kan á ní, “Ilé wa ni, a ò kàn tíì parí ẹ̀ ni.” Èkejì á ní, “Mo rẹ́ǹtì ẹ̀ ni, àmọ́ mo ti ra ilẹ̀ sí Ọ̀fadà.” Ẹ̀kẹta á ní, “Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n wà ní London, èmi ni mò ń bá wọn gbé e kí ẹnikẹ́ni má bàa tún ilẹ̀ ibẹ̀ tà.” Ẹ̀kẹrin á ní, “Èmi ni mo ni ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Jímọ̀, yàrá tí mo rẹ́ǹtì ní Kétu ni mò ń sùn.”

“Ṣé ilé tìẹ lò ń gbé àbí o rẹ́ǹtì?” la máa ń bi ara wa. Ìbéèrè yẹn tó nígbà tí agboolé bàbá ẹni wà láàárín ìlú, tí gbogbo èèyàn mọ ìdí rẹ̀. Ní àwọn ìlú tó ń hù létí Èkó báyìí, kò tó mọ́. Ohun mẹ́ta ló fara pamọ́ sínú gbólóhùn náà “mo ti kọ́lé”: ilé fúnra rẹ̀, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, àti ìwé tó so èèyàn mọ́ ilẹ̀ náà. Èèyàn lè ní ọ̀kan kó má ní èkejì. Mo ti rí ẹni tó ní ilé tó rẹwà lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, mo sì ti rí ẹni tó ní ìwé tó péye lórí ilẹ̀ tí kò tíì gbin ẹ̀gẹ́ kan sí. Ó ń dùn mí pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa ń tó mọ ìyàtọ̀ náà, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ tú u palẹ̀ níbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí a wà. Mowe, Ibafo, Magboro àti Arepo wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Abúlé oko àwọn Ẹ̀gbá ni wọ́n jẹ́. Ọ̀fadà tó wà nítòsí ni gbogbo ayé mọ̀, nítorí ìrẹsì rẹ̀. Lọ́dún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀, òun ló sì sún wọn mọ́ Èkó. Lẹ́yìn náà ni àwọn ibùdó ìsìn ńláńlá dé. Ìjọ Ìràpadà (Redeemed) ra ilẹ̀ ní kìlómítà 46 lọ́dún 1983, Ìjọ Mountain of Fire kọ́ Prayer City, NASFAT, ẹgbẹ́ àdúrà àwọn Mùsùlùmí, náà ní ibùdó sí Asese. Ẹni tó ń wá gbàdúrà lóṣooṣù bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń ta pulọ́ọ̀tì kan. Ẹni tí owó ilé Èkó ti kọjá agbára rẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí oko ṣe di àdúgbò nìyẹn.

Ọdún 1978 kan náà, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, ni ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Ọ̀nà márosẹ̀ sọ ilẹ̀ Mowe di olówó iyebíye, òfin yìí sì yí ìtumọ̀ “mo ra ilẹ̀” padà. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ilẹ̀ ni kò mọ̀ pé ó ti yí padà.

Ẹnu ọ̀nà méjì

Nínú àṣà wa, ẹbí ló ni ilẹ̀: àwọn tó ti kú, àwọn tó wà láyé, àti àwọn tí wọn kò tíì bí. Ilé-ẹjọ́ òyìnbó pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ẹbí Olúwa ní Àpápá, tí wọ́n sì ní owó táṣẹ́rẹ́ ni àwọn máa san, Olóyè Amọ́dù Tìjání, tó jẹ oyè Olúwa nínú ẹbí náà, gbé ẹjọ́ náà dé London pẹ̀lú Herbert Macaulay. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council, ilé-ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tí òyìnbó ń ṣàkóso nígbà náà, dá a láre pé ẹbí náà ló ni ilẹ̀, kí ìjọba san owó ilẹ̀ fún wọn bí wọ́n ṣe ń san án fún ẹni tó ni nǹkan rẹ̀.

Bí ẹbí bá fún àlejò ní ilẹ̀ oko láyé àtijọ́, á máa mú ìṣákọ́lẹ̀ wá, iṣu tàbí àgbàdo, láti fi hàn pé òun mọ onílẹ̀. Bó bá kọ́ ahéré sí i, òun ló ni ahéré, ẹbí ló ni ilẹ̀. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe òní ni ilé àti ilẹ̀ ti lè ní olówó méjì.

Òfin ọdún 1978 wá gbé ohun mìíràn lé orí èyí. Ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà ibẹ̀, kó máa bójú tó o nítorí gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ohun tí ẹnìkan lè ní ni ẹ̀tọ́ láti máa gbé orí ilẹ̀ náà tàbí kó máa lò ó, èyí tí ìwé C of O (ìwé ẹ̀rí tí ìjọba ń fún ẹni tó ní ẹ̀tọ́ náà) sábà máa ń kọ pé ó jẹ́ fún ọdún 99. Òfin náà kò pa ẹ̀tọ́ ẹbí rẹ́. Ẹbí tó ti ní ilẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, òfin kà á sí ẹni tí gómìnà ti fún ní ẹ̀tọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ tà á fún ẹlòmíràn, ìjọba gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà méjì ni ẹni tó ń ra ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kàn, ti ẹbí àti ti ìjọba. Ọ̀pọ̀ èèyàn kan ti ẹbí, wọ́n jẹun, wọ́n mu, wọ́n ya fọ́tò níbi tí wọ́n ti ń gba rìsíìtì, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹnu ọ̀nà ẹbí pàápàá ní àgádágodo tirẹ̀. Àwọn ilé-ẹjọ́ wa ti fìdí ìlànà kan múlẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra ilẹ̀ mọ̀ sórí. Bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láì sí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ẹbí láti ojúlé kọ̀ọ̀kan, títà náà lè dúró, ṣùgbọ́n àwọn yòókù lè lọ sílé-ẹjọ́ kí wọ́n dà á nù. Bí àwọn àgbà bá tà á láì sí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò wáyé rárá, asán ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ ẹbí kan ṣoṣo bá tà á bí ẹni pé tirẹ̀ nìkan ni, asán ni òun náà. Ẹni tó gun ọ̀kadà wá, tó ní òun ni ọmọ bàbá onílẹ̀, lè jẹ́ ọmọ bàbá onílẹ̀ lóòótọ́ kó má sì ní àṣẹ láti ta ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ béèrè pé: ta ni olórí ẹbí yín? Ojúlé mélòó lẹ jẹ́? Ta ló ń ṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan? Bí ó bá bínú sí ìbéèrè náà, ẹ padà sílé.

Ìwé wo ló ń sọ kí ni?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń lọ́ jù, n óò sì lọ díẹ̀díẹ̀.

Rìsíìtì ń sọ pé ẹ sanwó. Bí ẹ bá ti gba ilẹ̀ náà tí ẹ sì wà lórí rẹ̀, ilé-ẹjọ́ máa ka rìsíìtì yẹn sí nǹkan gidi, ẹ ti ní ẹ̀tọ́ kan tí wọn kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà kò tíì pé.

Ìwé sọ́fè ń sọ ibi tí ilẹ̀ náà wà àti bó ṣe tóbi tó. Kò sọ ẹni tó ni ín. Orúkọ yín tó wà lórí ìwé sọ́fè ò sọ yín di onílẹ̀, nítorí ẹni tó bá sanwó fún wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ohun kejì tí sọ́fè wúlò fún ni pé ó ń tú àṣírí ìwọ̀n. “Pulọ́ọ̀tì kan” kì í ṣe ìwọ̀n kan náà níbi gbogbo: ibì kan á jẹ́ 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 670 mítà níbùú-lóròó, ibòmíràn á jẹ́ 50 sí 100, tí kò pé 465. Ẹni méjì lè ra “pulọ́ọ̀tì kan” ní iye kan náà, kí ti ọ̀kan kéré sí tèkejì ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Kókó tó ṣe pàtàkì jù nínú sọ́fè ni nọ́ńbà igun ilẹ̀ náà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín mú, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà, gbé nọ́ńbà yẹn lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba ní Abẹ́òkúta kó wò ó bóyá ilẹ̀ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Lọ́pọ̀ ibi lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, ìjọba ti gba ilẹ̀ tipẹ́tipẹ́ fún iṣẹ́ ìlú, àwọn abúlé kò sì kúrò lórí rẹ̀. Nígbà mìíràn ìjọba máa ń dá apá kan padà fún abúlé, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìkéde ìjọba tí a mọ̀ sí gàsẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ tó wà nínú gàsẹ́ẹ̀tì ti bọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Èyí tí wọ́n sọ pé gàsẹ́ẹ̀tì rẹ̀ “wà lọ́nà” kò tíì bọ́. Mo fẹ́ kí ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, torí òun ni wọ́n fi ń ta ilẹ̀ jù lójú ọ̀nà yìí. Ewu kan náà ló wà lórí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wáyà iná alágbára, ilẹ̀ tí páìpù epo gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, àti èyí tó wọ ààlà ọ̀nà ìjọba àpapọ̀. Ìwé ẹbí kankan ò lè gbà wọ́n lọ́wọ́ katakata ìjọba.

Lẹ́yìn rìsíìtì àti sọ́fè ni ìwé tí lọ́yà ń kọ, tó gbé ẹ̀tọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹbí tàbí ẹni tó tà á wá sọ́wọ́ yín. Ìwé yìí ni ẹ óò gbé lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba. Bí ilẹ̀ náà kò bá tíì ní C of O rí, ẹ lè béèrè fún un. Bí ẹni tó tà á fún yín bá ti ní C of O lórí rẹ̀, wọn ò ní fún yín ní òmíràn. Ìfọwọ́sí gómìnà lórí títà náà lẹ óò gbà, ìyẹn sì ti tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ èyí, wọ́n á máa sọ pé “ilẹ̀ tèmi ò ní C of O” bí ẹni pé wọ́n rẹ́ wọn jẹ, nígbà tí ìfọwọ́sí gómìnà wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn.

C of O náà kì í sì í ṣe oògùn gbogbo àrùn. Ẹ̀rí ni, ẹ̀rí tó lágbára, ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá fi hàn ní kóòtù pé ilẹ̀ náà ti jẹ́ tòun kí wọ́n tó fún yín níwèé, adájọ́ lè fagi lé e. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba lọ́dún 1976, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ to ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, ìwé, ìlò ilẹ̀ bí onílẹ̀ ṣe ń lò ó, jíjókòó lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àti níní ilẹ̀ tó yí i ká lọ́nà tó fi hàn pé ti ẹni náà ni èyí tó wà láàárín. Ọ̀kan ṣoṣo nínú márùn-ún ni ìwé. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbọ́n London fi ní kí àbúrò òun máa gbé inú ilé náà.

Ìwé àṣẹ ìkọ́lé tún yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Ilẹ̀ lè jẹ́ tiyín pátápátá kí ìjọba ṣì wó ilé nítorí ẹ kò gba àṣẹ láti kọ́ ọ. Ìjọba Ògùn mọ̀ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ti kọ́lé láì ní èyíkéyìí. Nígbà tí Ibikunle Amosun jẹ́ gómìnà, wọ́n gbé ètò Home Owners Charter kalẹ̀ kí irú wọn lè gba C of O àti àṣẹ ìkọ́lé pa pọ̀ ní owó tó dínkù.

Ilé tí a kó wọ̀ kó tó di ilé

Ẹni tó bá wá láti ìlú òyìnbó á béèrè ìdí tí ilé ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Mowe láì rẹ́, láì ní fèrèsé, tí aṣọ ọmọ ìkókó sì ń gbẹ lórí okùn níwájú wọn. Ohun tó fà á ni bí a ṣe ń rówó kọ́lé. Òṣìṣẹ́ London tàbí Houston á yá owó ilé lọ́wọ́ báńkì, á wọlé lọ́jọ́ kan, á sì máa san án fún ọdún 25 tàbí 30. Ní tiwa, a máa ń san gbogbo rẹ̀ kí á tó wọlé, tàbí kí á wọlé ní ìdajì kí á máa parí rẹ̀.

Kì í ṣe pé ètò owó yíyá kò sí. Láti ọdún 1992 ni òfin National Housing Fund ti wà, tí òṣìṣẹ́ ń fi ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ síbẹ̀, tó sì lè yá owó ilé nípasẹ̀ Federal Mortgage Bank ní èlé tí kò tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n báńkì ò ní yá èèyàn lówó lórí ilẹ̀ tí kò níwèé tó dúró ṣinṣin. Ẹni tí rìsíìtì ẹbí nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti jáde nínú rẹ̀ nìyẹn, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ń wọ àpò náà lóṣooṣù. Àwọn báńkì ìṣòwò ńkọ́? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, èlé tí Báńkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀ fún àwọn báńkì dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fojú inú wo èyí tí báńkì fúnra rẹ̀ máa gbà lọ́wọ́ yín lórí ìyẹn.

Nítorí náà, àjọ, èsúsú, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ àti owó tí àwọn ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ló ń kọ́ Mowe. Ọdún yìí, ìpìlẹ̀. Ọdún tó ń bọ̀, búlọ́ọ̀kù. Ọdún méjì á kọjá láìsí nǹkan kan nítorí ọmọ wọ yunifásítì, igbó á hù wọ inú pálọ̀. Lẹ́yìn náà, òrùlé. Ọjọ́ tí páànù bá bo yàrá kan, tí ilẹ̀kùn kan sì ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n á kó wọ̀ ọ́, nítorí owó ilé tí wọn ò san mọ́ ní Èkó ni wọ́n máa fi rẹ́ ògiri. Mi ò rí ohun ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Ìṣirò tó yè kooro ni.

Nínú gbogbo ìpele yẹn ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ń wá gbowó: owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́ẹ̀kì, owó òrùlé. Lọ́dún 2016, Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn ṣe òfin tó sọ fífi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn tó le. Ẹ ní kí lọ́yà yín kọ ọ́ sínú ìwé títà pé ẹbí kò ní owó kankan tí yóò gbà mọ́, nítorí èyí rọrùn láti fi hàn ju ìlérí ẹnu lọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà mọ́ owó ilé: owó ọkọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìṣirò Mowe ti yàtọ̀. Ká sọ pé ẹnìkan ń ná ₦3,000 lójúmọ́ ní àlọ àti àbọ̀, tó sì ń lọ fún ọjọ́ 22 lóṣù. ₦66,000 lóṣù nìyẹn, ₦792,000 lọ́dún. Ẹni tí kò san owó ilé mọ́ ń san owó ilé kejì fún dánfó. Ìdí tí ẹni kẹrin wa fi rẹ́ǹtì yàrá ní Kétu nìyẹn. Òun ni onílé ní òpin ọ̀sẹ̀, ayálégbé láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì ti fi pálọ̀ àti yàrá méjì ní Mowe fún ẹlòmíràn kó lè rí owó Kétu san.

Ẹni tó rẹ́ǹtì

Kí a má rò pé ẹni tó rẹ́ǹtì ní Mowe jẹ́ ẹni tí kò rí ilẹ̀ rà. Nínú wọn ni ọ̀dọ́ tọkọtaya tó ń kó owó jọ, olùkọ́, awakọ̀, mẹkáníìkì, àti ẹni tí onílé Èkó lé jáde. Ohun tí wọ́n ń rẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ láti yàrá kan nínú fési-mi-fési-ẹ títí dé self-contain, mini flat àti flat oníyàrá mẹ́ta. Onílé wọn lè má gbé nítòsí. Kiatéká tàbí èjẹ́ǹtì ni wọ́n mọ̀.

Owó ọdún àkọ́kọ́ máa ń dẹ́rù ba èèyàn torí kì í ṣe owó ilé nìkan. Bí ilé bá jẹ́ ₦600,000 lọ́dún, tí èjẹ́ǹtì gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, tí owó àgírímẹ́ǹtì náà jẹ́ ìdá mẹ́wàá, ó ti di ₦720,000, ká tó kan owó ìdúró fún nǹkan tó bá bàjẹ́. Àwọn kan ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún kejì, ₦600,000 ló yẹ kó padà jẹ́. Bí wọ́n bá tún béèrè owó àgírímẹ́ǹtì àti kọ́míṣọ̀n, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí ẹ ti fọwọ́ sí i hàn yín.

Ní ti òfin, àṣìṣe kan wọ́pọ̀ gan-an. Àwọn ayálégbé Mowe máa ń sọ fún mi pé “òfin ti sọ pé wọn ò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ.” Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ló sọ ọ́: ọdún kan ló pọ̀ jù lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin yẹn kò tilẹ̀ kan gbogbo Èkó, torí ó yọ Àpápá, Ìkejà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Kò sì kọjá ààlà wá sí Ògùn. Ẹni tó ń gbé Ojodu lápá Èkó àti ẹni tó ń gbé Akute tàbí Alagbole lápá Ògùn lè wọ ọkọ̀ kan náà láàárọ̀, kí òfin ilé wọn má jẹ́ ọ̀kan. Kí ẹ tó gbé òfin kan lọ bá onílé, ẹ kọ́kọ́ mọ ìpínlẹ̀ tí ilé náà wà. (Owó orí òṣìṣẹ́ náà ń tẹ̀ lé ibùgbé rẹ̀: ìpínlẹ̀ tí ẹ ń sùn sí ló ni ín, kì í ṣe ibi tí ọ́fíìsì yín wà. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń béèrè títì lọ́wọ́ Abẹ́òkúta.)

Àmọ́ ti ìkìlọ̀ kí èèyàn tó kó jáde, ìlànà rẹ̀ ti pẹ́ ju òfin Èkó lọ. Bí ìwé àdéhùn bá dákẹ́, ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san lóṣooṣù ní ẹ̀tọ́ sí oṣù kan. “Bí ìwé àdéhùn bá dákẹ́” ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i pé oṣù mẹ́ta ni, oṣù mẹ́ta náà ni. Lẹ́yìn ìkìlọ̀ yẹn, ìkìlọ̀ ọjọ́ méje tún wà kí onílé tó lọ sí kóòtù. Kóòtù ló ń lé èèyàn jáde. Onílé tó yọ páànù orí ilé tàbí tó ti géètì mọ́ ayálégbé ti rú òfin, bó ti wù kí gbèsè ayálégbé náà pọ̀ tó. Ní ti ayálégbé tó mọ̀ pé òun jẹ gbèsè, tó sì ń fi kóòtù fa ọ̀rọ̀ gùn lórí bàbá arúgbó tó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kọ́ yàrá mẹ́rin, n kò lè bá a dúró.

Ọ̀rọ̀ àdúgbò náà wà níbẹ̀. Ìjọba kì í sábà mú trànsfọ́mà, òpó iná, gọ́tà tàbí géètì òpópónà wá. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tí àwọn onílé ń darí, tí a mọ̀ sí CDA, ló ń dá owó rẹ̀. Ayálégbé ń san owó ọlọ́dẹ àti owó iná, ṣùgbọ́n nígbà ìpàdé, wọ́n á ní ti àwọn onílé ni. Mo rò pé kò tọ́. Ẹni tó ti gbé òpópónà kan fún ọdún mẹ́wàá mọ ibi tí omi ń gbà ju onílé tó wà ní Toronto lọ.

Nígbà tí onílé bá kú

Ibí ni ilé, ilẹ̀ àti ìwé ti máa ń tún lọ́ pọ̀. Bàbá kan ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, ó sọ ọ́ di tirẹ̀ nìkan, ó gba ìwé. Bó bá kú láì kọ ìwé ìhágún, tó sì jẹ́ pé ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ló ṣe, ilẹ̀ náà tún ti di ilẹ̀ ẹbí, ẹbí tuntun tí àwọn ọmọ tirẹ̀ dá sílẹ̀. Bó bá ní ju ìyàwó kan lọ, ìdí-igi ni wọ́n fi ń pín in: àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ìdí kan. Olórí ẹbí lè ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, ìyẹn ní iye orí àwọn ọmọ, bí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ilé-ẹjọ́ fìdí èyí múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Danmole, tó dé Privy Council lọ́dún 1962. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù ló ṣe, òfin mìíràn ló máa pín in, ìyàwó rẹ̀ á sì ní ìpín tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ opó ni kò mọ̀ pé ìwé ìgbéyàwó tó wà nínú àpótí wọn ṣe pàtàkì tó C of O.

Ẹni tí gbogbo èyí máa ń bá lójijì ni ayálégbé. Lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú, àkọ́bí á pè é pé òun ni kó máa san owó ilé fún. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ìyàwó kejì á pè láti London pé kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kó má ṣe gbèjà ẹnìkan, kó má sì ná owó náà. Kó kọ lẹ́tà sí àwọn méjèèjì pé owó ilé wà nílẹ̀, ẹni tó bá mú ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún wá láti Ilé-Ẹjọ́ Gíga ni òun yóò san án fún, tí yóò sì gba rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Kó wá fi ẹ̀dà lẹ́tà náà sínú fáìlì kan náà tí rìsíìtì ọdún tó kọjá wà, èyí tí bàbá náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.